Ẹni Tí A Ní Kó Bá Wa Sọ̀rọ̀

Afínjú ni gbogbo àdúgbò ń pe àbúrò bàbá mi, orúkọ náà sì bá a mu. Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ló ń ṣe. Bí o bá gbé ẹ̀wù funfun tó ti dọ̀tí lé e lọ́wọ́, kò ní kọ́kọ́ wo ẹ̀wù náà. Ojú rẹ ni yóò kọ́kọ́ wò, bí ẹni ń bi ọ́ pé kí lo rí tí o fi fi ìyà jẹ aṣọ báyìí. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú ni mo ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀, èmi ni mo ń bá a lọ aṣọ. Mo ti di ìyá ọmọ báyìí, síbẹ̀ bí mo bá ṣèèṣì fi ìlà méjì sí ẹsẹ̀ ṣòkòtò, yóò tú u ká, yóò wọ́n omi sí i, yóò sì lọ ọ́ fúnra rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Bó ṣe ń báni wí nìyẹn. Ó dunni ju èébú lọ.

Òun àti ìyàwó rẹ̀, tí mo máa ń pè ní Màmá, ni wọ́n jọ kọ́ ilé tí à ń gbé. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni, kò tóbi. Wọn ò kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọwọ́ wọn bá ti ba nǹkan díẹ̀, wọ́n á ra búlọ́ọ̀kù díẹ̀. Màmá ló ń ru omi tí bíríkìlà fi ń po sìmẹ́ǹtì. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé òun lọ sí yàrá òkè tó wà lápá iwájú, kí òun lè máa gbọ́ ohùn èèyàn. Ibẹ̀ ló kú sí. Láti ọjọ́ náà, Afínjú ò gbé ohunkóhun kúrò nínú yàrá yẹn. Ó ń gbá a, ó ń nù ún, ó ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn rẹ̀ bí ẹni pé obìnrin náà kàn jáde ni, pé yóò padà wọlé láìpẹ́. Mi ò bá a sọ ọ́ rí. Kálukú ló mọ bí òun ṣe ń ṣọ̀fọ̀.

Òpópónà wa tín-ín-rín. Bí ọkọ̀ méjì bá pàdé níbẹ̀, ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi ẹ̀yìn rìn, àwọn awakọ̀ méjèèjì á sì kọ́kọ́ bú ìyá ara wọn kí wọ́n tó mọ ẹni tí yóò yẹ̀ fún ẹnì kejì. Lápá ọ̀tún ni ilé wa wà. Lápá òsì, tí ó dojú kọ wá gan-an, ni ilé ọ̀rẹ́ Afínjú wà, télọ̀ kan tí gbogbo wa ń pè ní Ó-dọ̀la. O ò ní béèrè ìdí orúkọ náà bí o bá ti gbé aṣọ fún un rán rí. Bó o bi í lọ́jọ́ Ajé, ó dọ̀la ni. Bó o bi í lọ́jọ́ Ẹtì, ó dọ̀la náà ni. Ṣùgbọ́n bí aṣọ náà bá wá jáde tán, o ò ní lè bínú mọ́, nítorí yóò jókòó sí ọ lára bí awọ ara rẹ.

Láàárín ilé méjèèjì, lókè orí àwọn tó ń kọjá, ni okùn tí à ń sá aṣọ sí wà. Àwọn ilé náà fún mọ́ra débi pé àárín òpópónà nìkan ni oòrùn ń ráyè wọ̀. Okùn náà ń yí po lórí ìkọ́ méjì, ọ̀kan lára ògiri tiwa, ìkejì lára ògiri Ó-dọ̀la. Afínjú á fi ẹ̀wù tútù kọ́ sí i, á fà á. Ó-dọ̀la, tó ń ránṣọ lẹ́bàá fèrèsé òkè tirẹ̀, á máa yẹ̀ wọ́n wò bí wọ́n ṣe ń dé. Bí bọ́tìnnì kan bá ti já, á yọ ẹ̀wù náà, á rán bọ́tìnnì mìíràn sí i, á tún un kọ́. Àwọn oníbàárà rò pé alágbàfọ̀ ló ń rán bọ́tìnnì. Ẹ̀wù á lọ ní tútù, á padà ní gbígbẹ, pẹ̀lú gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀. Ẹnì kan ò gbowó iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ẹnì kan.

Àwọn méjèèjì kì í fi ara wọn lọ́rùn sílẹ̀ o. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Ó-dọ̀la á pariwo láti òkè, "Afínjú, aṣọ aláṣọ lo fi ń ṣe fáàrí!"

Afínjú náà á dá a lóhùn, "Ìwọ ńkọ́? Ọ̀la tí o dá fún ìyàwó ọlọ́pàá yẹn ti di ọdún tó kọjá."

Lọ́jọ́ ìsinmi, Afínjú á ré kọjá sọ́dọ̀ rẹ̀, kì í kan ilẹ̀kùn, tààrà ló ń lọ sí yàrá ẹ̀yìn, níbi tí àlejò kì í dé. Ní ìgbà òjò kan, ògiri yàrá ẹ̀yìn yẹn là. Àwọn méjèèjì ló jọ po sìmẹ́ǹtì, wọ́n fi dí i, ṣùgbọ́n ó tún là ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó-dọ̀la wá rán aṣọ títa kan, ó fi bò ó, kí ọkàn àwọn ayálégbé rẹ̀ má bàa dàrú. Afínjú sọ ọ́ fún mi nílé, ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò sì sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ni àwọn wọnlẹ̀wọnlẹ̀ dé. Wọ́n gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n ń fi ojú kan wò ó, wọ́n ń juwọ́ síra wọn. Ìjọba fẹ́ kọ́ afárá tuntun sórí odò, kí èèyàn lè máa débi ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní òdìkejì láìfi àárọ̀ dé ọ̀sán sójú ọ̀nà. Ọ̀nà tí yóò lọ bá afárá náà gbọ́dọ̀ gba àdúgbò wa.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọ̀rọ̀ ti dé orí rédíò. Ẹnì kan pè, ó ní gbogbo ilẹ̀ pátá ti ìjọba ni, pé kò sí onílé kankan, ayálégbé ni gbogbo wa. Ẹlòmíì pè, ó ní kí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ fún ìjọba ní ilé tirẹ̀ ná. Agbẹjọ́rò kan ṣàlàyé pé òfin fàyè gba ìjọba láti gba ilé ẹnikẹ́ni, bí ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe bá jẹ́ fún àǹfààní gbogbo èèyàn, bí wọ́n bá ṣáà ti san owó gbà-má-bìínú. Mo jókòó ti áyọ́ọ̀nù, mò ń rẹ́rìn-ín ìbínú. Owó gbà-má-bìínú! Wọ́n á gba ilé rẹ tán, wọ́n á tún bá ọ pinnu bí inú rẹ ṣe gbọ́dọ̀ rí.

Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, àríyànjiyàn náà le débi pé onígbàjámọ̀ fá apá kan orí oníbàárà, ó gbàgbé apá kejì. Àwọn kan ní ìlú kì í dàgbà láìwó nǹkan. Àwọn kan ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, pé bí ọ̀nà bá há, kí wọ́n lé àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kúrò níbẹ̀. Ká sòótọ́, èmi alára ò mọ ibi tí ǹ bá fara mọ́. Mo mọ bí òpópónà yẹn ṣe ń dí. Mo sì mọ ẹni tó ru omi sìmẹ́ǹtì ilé wa.

Nígbà tí ìjọba kéde pé àwọn yóò gbọ́ tẹnu wa ní gbọ̀ngàn ìlú, gbogbo onílé òpópónà, tọ̀tún tòsì, pàdé nínú ọgbà wa. Wọ́n fẹnu kò pé ohùn kan ṣoṣo làwọn yóò fọ̀: kí wọ́n wá ibòmíràn gbà. Wọ́n ní bí gbogbo wa bá lọ ń pariwo, wọn ò ní gbọ́ ọ̀kan, kí á yan ẹnì kan tí yóò bá wa sọ̀rọ̀. Ó-dọ̀la ló kọ́kọ́ dìde.

Ó ní, "Afínjú ni. Ẹnu rẹ̀ mọ́ bí aṣọ rẹ̀. Àwọn ará ọ́fíìsì yẹn, aṣọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò, kí wọ́n tó gbọ́ ohùn."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó-dọ̀la gbé teèpù rẹ̀ kúrò lọ́rùn níbẹ̀, ó wọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú gbogbo wa. Ẹ̀wù tí Afínjú wọ̀ lọ sí gbọ̀ngàn, Ó-dọ̀la ló rán an, ó sì gbé e wá lọ́jọ́ tó dá gan-an. Irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Ìyàwó Ó-dọ̀la ní kí á wojú òkè, bóyá òjò fẹ́ rọ̀.

Kò sí ẹni tó bi Afínjú léèrè ohun kan lọ́jọ́ ìpàdé yẹn: bí wọ́n bá ní kò sí ibòmíràn ńkọ́? Ohun tó yẹ ká bi í nìyẹn. A gbójú lé ẹnu tó mọ́, a gbàgbé pé èèyàn ló ni ẹnu.

Gbọ̀ngàn náà kún. Ẹnjinníà tó wá ṣàlàyé jẹ́ obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù, tó ń kí gbogbo àgbà tìtẹríba tìtẹríba. Ó na àwòrán ńlá kan mọ́ ògiri. Ó fi hàn wá pé odò wà níhìn-ín, ojú irin wà lọ́hùn-ún, itẹ́ òkú wà lẹ́yìn, pé òpópónà wa nìkan ló kù. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò rò tẹ́lẹ̀.

Ó ní, "Kì í ṣe gbogbo òpópónà la nílò o. Apá kan ṣoṣo ni. Bó jẹ́ tọ̀tún, bó jẹ́ tòsì, ọ̀nà náà yóò kọjá. A ò tíì pinnu. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ibẹ̀ lẹ mọ ibẹ̀ jù wá lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wa."

Ariwo tí a gbé wá láti ilé kú mọ́ wa lẹ́nu. Inú bí mi. Wọ́n fi ọ̀bẹ lé wa lọ́wọ́, wọ́n tún fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún wa pé kí á gé ara wa. Lẹ́yìn náà ni mo wò yí ká, mo rí i pé àwọn tọ̀tún ti ń jókòó sún mọ́ra wọn, àwọn tòsì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ò sọ fún ẹnì kan. Ìdí ló ń gbé wọn lọ.

Nọ́ọ̀sì kan láti ilé ìwòsàn ńlá ló kọ́kọ́ gba máíkì. Ó sọ nípa aboyún kan tí ọkọ̀ rẹ̀ há sí òpópónà wa láàárín ọkọ̀ akẹ́rù méjì. Ó ní nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dọ́dọ̀ àwọn, ọmọ ti kú, ìyá náà sì tẹ̀ lé e kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ní, "Mi ò mọ ilé tí ó yẹ kí wọ́n wó. Mo kàn ní kí ẹ mọ orúkọ ohun tí a ń san báyìí. Ẹ̀mí ni." Ó jókòó.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ó-dọ̀la dìde. A ò yàn án láti sọ̀rọ̀, ó kàn dìde ni. Teèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ó ní, "Èmi ò lè yan. Bó bá jẹ́ tiwa lẹ fẹ́ mú, ẹ mú un. Bó bá jẹ́ tiwọn, ẹ mú un. Iṣẹ́ yín nìyẹn, ẹ̀yin lẹ gba owó oṣù lé e lórí. Ṣùgbọ́n ẹ má ní kí n na ìka sí aládùúgbò mi."

Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn, "Télọ̀, ó tún dọ̀la náà ni?" Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ó-dọ̀la náà rẹ́rìn-ín, ó sì jókòó. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Bẹ́ẹ̀, nínú gbogbo ohun tí a sọ lọ́jọ́ náà, òun nìkan ló dúró ti ohun tí a jọ pinnu títí dópin: ohùn kan.

Ó wá kan Afínjú. Ó tún ọrùn ẹ̀wù tuntun rẹ̀ ṣe. Ó kí àwọn olóyè ìjọba, ó kí nọ́ọ̀sì, ó ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ òun lákínyẹmí ara. Ó ní ohun tí gbogbo wa fẹ́ ni pé kí wọ́n wá ibòmíràn. Ẹnjinníà rọra mi orí pé kò sí. Mo mọ̀ pé yàrá òkè ni Afínjú ń rò, mo mọ̀ ọ́n bí ẹni pé mo wà nínú orí rẹ̀.

Ó ní, "Bó bá wá jẹ́ dandan, bó bá jẹ́ pé ọ̀kan gbọ́dọ̀ lọ, ká sọ òótọ́ síra wa. Ilẹ̀ apá ọ̀tún le, ìpìlẹ̀ ibẹ̀ jìn. Apá òsì ni omi òjò ń ṣàn lọ. Àwọn ilé kan níbẹ̀, bí ìjọba ò bá wó wọn, wọ́n á wó fúnra wọn. Ilé télọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ yìí, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ti là láti òkè dé ilẹ̀. Aṣọ ni wọ́n fi bò ó."

Ẹnjinníà ń kọ̀wé. Ó-dọ̀la yí ojú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò mú un kúrò. Afínjú ò wo ibi tó wà. Ó ń wo ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó ń fi ìka tẹ́ ibi tó ká kò.

Irọ́ kan ò sí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ jù nìyẹn. Bó bá purọ́ ni, à bá ní irọ́ ló pa, à bá sì fi í bú u títí tí ìbínú á fi tán. Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n òótọ́ tí wọ́n fi hàn án nínú yàrá ẹ̀yìn ni, òun ló sì gbé e wá síwájú ìjọba.

Bí a ṣe ń jáde, ìyàwó Ó-dọ̀la kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ náà ló wà," ó sì bá tirẹ̀ lọ. Àwọn ará apá ọ̀tún ni wọ́n ń bọ Afínjú lọ́wọ́, tí wọ́n ń pè é ní akọni. Ó kàn ń rìn lọ. Nígbà tí a délé, ó jókòó sórí àga ìlọṣọ, ó bi mí pé, "Ṣé ìwọ ìbá fẹ́ kí katapílà wọ yàrá tí Màmá rẹ kú sí?"

Mo ní, "Rárá, Bàbá."

Ó ní, "Kí ni ǹ bá wá sọ?"

Mo gbé áyọ́ọ̀nù, mo kọjú sí aṣọ tó wà nílẹ̀.

Apá òsì ni ìjọba mú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n kéde rẹ̀, mo ṣílẹ̀kùn, mo bá okùn aṣọ tí wọ́n ti tú, tí wọ́n ká dáadáa, tí wọ́n fi kọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn wa. Ẹ̀wù mẹ́ta tó wà lórí rẹ̀ láti àná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí àga, wọ́n ti gbẹ. Mo yẹ̀ wọ́n wò. Kò sí bọ́tìnnì kan tó dín lára wọn. Nígbà tí Afínjú rí wọn, ó wọlé lọ, kò sì jẹun títí ilẹ̀ fi ṣú.

A bẹ̀rẹ̀ sí í sá aṣọ sẹ́yìnkùlé, níbi tí oòrùn kì í dé. Ọ̀rinrin ń bẹ lára aṣọ náà, àwọn oníbàárà ń sọ̀rọ̀. Ní gbogbo oṣù tí àwọn ará òsì fi ń palẹ̀ mọ́, àwọn ọ̀rẹ́ méjì yìí ò bá ara wọn sọ ju "Ẹ kú àárọ̀" lọ, "Ẹ kú àárọ̀" náà sì ń kúrú sí i. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ẹni tó ju òkò yìí mọ ibi tó ń jù ú sí, síbẹ̀ mo rò pé òun náà ò mọ̀ pé yóò dun òun tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ tí katapílà dé, Afínjú ò jáde. Ó ń lọ aṣọ. Nígbà tí ilé Ó-dọ̀la wó, ilé wa mì tìtì, áyọ́ọ̀nù bọ́ lọ́wọ́ mi. Afínjú ò gbójú sókè. Eruku gba fèrèsé wọlé, ó bà sórí gbogbo aṣọ funfun. Ó kó wọn padà sínú omi, ó tún wọn fọ̀, eruku tún bà wọ́n. Ó tún wọn fọ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe tán ná." Ó ń fọ̀ ọ́ lọ bí ẹni tí kò gbọ́.

Ọ̀nà náà dára. Mi ò ní torí ìbínú pa òótọ́ mọ́. Ó fẹ̀, ó tẹ́jú, gọ́tà rẹ̀ jìn, omi kì í dúró mọ́. Ọkọ̀ ilé ìwòsàn ń fọn fèrè kọjá níwájú wa, mo sì ń sọ lọ́kàn mi nígbàkúùgbà pé kí Ọlọ́run gbé ẹni tó wà nínú rẹ̀ délé láyọ̀. Iṣẹ́ wa náà gbòòrò sí i, nítorí àwọn onímọ́tò rí ibi dúró sí báyìí. Oòrùn ti dé iwájú ilé wa láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́. Kò sí ohun tí a lè so okùn mọ́ ní òdìkejì.

Afínjú ń gbẹ. Kì í ṣe àìsàn, oúnjẹ ń lọ, oorun ń bọ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbẹ. Kì í bá mi wí mọ́, kì í tún aṣọ tí mo bá lọ bàjẹ́ lọ. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù. Lọ́jọ́ kan, ó wọ aṣọ ìjáde, ó ní kí n bá òun lọ kí Ó-dọ̀la.

Ìpẹ̀kun ìlú ni Ó-dọ̀la kó lọ, níbi tí owó gbà-má-bìínú gbé e dé. Yàrá méjì ló gbà nílé onílé. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ tó wà lórí rẹ̀ ò pọ̀. Nígbà tó rí wa, ó yọ dígí ojú rẹ̀, ó ní kí a jókòó sórí bẹ́ńṣì tí àwọn oníbàárà ń jókòó sí. Ìyàwó rẹ̀ gbé omi wá, ó sì dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá kejì, kò kúrò níbẹ̀. Afínjú ò jókòó. Ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì níwájú ọkùnrin tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Omi bọ́ lójú mi.

Ó-dọ̀la ní, "Dìde. Ṣòkòtò rẹ á dọ̀tí."

"Mo wá bẹ̀ ọ́ ni."

"Mo ti gbọ́. Èmi ò bá ọ jà."

Afínjú ní, "Bá mi jà. Mo bẹ̀ ọ́, bá mi jà. Bú mi."

"Kí n bú ọ nítorí kí ni? Òótọ́ lo sọ. Ògiri yẹn là. Lọ́jọ́ kan, ìbá wó lé wa lórí. Nígbà míì, mo máa ń sọ fún ìyàwó mi pé bóyá oore lo ṣe wá." Ó ń fi aṣọ nu dígí rẹ̀. "Ohun tí mi ò mọ bí mo ṣe máa gbé e kúrò lọ́kàn ni pé o ò wojú mi. O dárúkọ ilé mi, o sì ń wo ọwọ́ ẹ̀wù tí mo rán fún ọ. Bó o bá wojú mi kó o tó sọ ọ́, ǹ bá ti dárí jì ọ́ kí a tó délé."

Afínjú ní yàrá ìsàlẹ̀ nílé òun ṣófo. Ó ní kí Ó-dọ̀la kó ẹ̀rọ rẹ̀ bọ̀, kó kó ìyàwó rẹ̀ bọ̀, pé òun ò ní gba ohunkóhun lọ́wọ́ wọn, pé èrò pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn báyìí, iṣẹ́ á ya wọlé. Ó ń sọ ọ́ kíákíá, bí ẹni tí ń bẹ̀rù pé wọn ò ní jẹ́ kí òun parí.

Ìyàwó Ó-dọ̀la ló dá a lóhùn. Ó ní, "Bàbá, yàrá ìsàlẹ̀ yẹn, ibo ni fèrèsé rẹ̀ kọjú sí?"

Afínjú ní, "Ojú títì."

"Kí ló wà tẹ́lẹ̀ níbi tí títì náà wà báyìí?"

Afínjú tẹ orí ba. Obìnrin náà dúró dè é dáadáa, kò fi ìkanra ṣe é.

Ó ní, "Níbẹ̀ ni mo bí àwọn ọmọ mi sí. Ẹ fẹ́ kí n máa jí láràárọ̀, kí n máa wo ọkọ̀ tó ń kọjá lórí rẹ̀." Ó gbé ife omi tí a ò mu, ó wọlé.

Mo gbọ́ ọmọ kan tó ń sunkún nínú ilé kejì, mo gbọ́ ẹni tó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Afínjú ṣì wà lórí orúnkún rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Kí ni kí n wá ṣe? Sọ fún mi. Ohunkóhun tí o bá ní kí n ṣe, màá ṣe é."

Ó-dọ̀la wò ó fún ìgbà pípẹ́. Mi ò rí ìbínú lójú rẹ̀, ìbá sàn bí mo bá rí i. Ó nawọ́, ó fà á dìde, ó gbọn eruku kúrò ní orúnkún ṣòkòtò rẹ̀.

Ó ní, "Máa lọ sílé. Ìwọ ní ilé tí o máa lọ."

Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ki òwú bọ abẹ́rẹ́. A kí i pé ó dàbọ̀, a sì jáde. Ọ̀nà tuntun ni ọkọ̀ wa gbà. Kò sí ibi tó dí, a tètè délé.